Kíkọ́ni ní kíbọ́ọ̀dù láti ilé dé ilé: kí là ń ṣe tí ẹ̀kọ́ fi ń dúró lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti lọ?

#1 Olùkọ́Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn mẹ́rin ní kíbọ́ọ̀dù nílé wọn ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 6 tí kò fọwọ́ kan dùùrù rí. Èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 11, àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kó ṣe ìdánwò orin ti àjọ ABRSM ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì: etí rẹ̀ mú gan-an, ṣùgbọ́n kíì (ohùn tí orin fi ṣe ilé) kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀, transpose (bọ́tìnnì tó ń gbé gbogbo ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sísàlẹ̀) ló fi ń dé ìyókù. Ẹ̀kẹrin, màmá kan nínú kọ́yà tó fẹ́ máa fúnra rẹ̀ tẹ orin ìsìn.

Báwo ni kí n ṣe pín àkókò? Kí ló máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ fi ń dá a dúró? Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́, báwo la ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó dàgbà juni lọ?

#2 BàbáDùùrù

Àbúrò, káàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Kí o tó ro ohun tí o máa kọ́ wọn, kọ́kọ́ ro èyí: ìṣẹ́jú 45 lo máa bá akẹ́kọ̀ọ́ jókòó lọ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, òun nìkan ló kù pẹ̀lú dùùrù. Ohun tó bá ń ṣe lọ́jọ́ mẹ́fà yẹn ló máa di tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ gan-an, nígbà náà, ni kí o kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń dá ṣe ìdánrawò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń pàdánù ọmọ. Wọ́n á kọ́ orin, wọn ò ní kọ́ ìdánrawò. Ọmọ á délé, á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, á tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó ti ń ṣì í, á ṣì í, á tún padà sókè. Tó bá ṣe é nígbà ogún, ìgbà ogún ló fi kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní àṣìṣe náà.

Bí ìṣẹ́jú 45 ṣe lè lọ rèé. Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, jẹ́ kó tẹ ohun tó mọ̀ dáadáa, kí ọwọ́ gbóná. Ìṣẹ́jú 10, gbọ́ iṣẹ́ ilé. Má gbọ́ gbogbo rẹ̀, ibi tí o ṣàmì sí lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan ni kó tẹ̀. Ìṣẹ́jú 12 fún ohun tuntun, ohun kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú 8 fún etí àti ìlù. Ìṣẹ́jú 10 tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ wa kì í yà sọ́tọ̀: ìwọ dákẹ́, kí ọmọ ṣe ìdánrawò níwájú rẹ bí ẹni pé o ò sí níbẹ̀. Wàá rí ohun tó ń ṣe nílé kedere. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ láti òkè, dá a dúró, bi í pé, "Níbo ló ti le?"

Ibi tó le kì í sábà jẹ́ orí ohùn tí a gbọ́ tó ṣì. Oríkèé ni, láàárín bar kan (ìpín kékeré tí wọ́n fi ìlà yà sọ́tọ̀ nínú ìwé orin) sí èkejì, torí ọwọ́ kò tíì mọ ibi tó ń lọ. Mú bíìtì (ìró tí a ń kà nínú orin) tó kẹ́yìn nínú bar ìṣáájú àti bíìtì àkọ́kọ́ nínú èyí tó tẹ̀lé e, méjèèjì péré. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìṣì. Ọwọ́ òsì nìkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìṣì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó pa wọ́n pọ̀. Tó bá ṣì í ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kíkà á padà sí òdo. Òfin náà le lóòótọ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa rí i pé ìkánjú ló ń dá òun padà, yóò sì rọra. Fi metronome (ẹ̀rọ tó ń lu bíìtì déédéé) sí 60 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di 64. Bó bá bàjẹ́ ní 64, má padà sí 60, padà sí 56, kí ọwọ́ sinmi kó tó tún gòkè.

Kọ iṣẹ́ ilé sínú ìwé kékeré kan. Má kọ "tẹ orin ojú ewé 12 dáadáa", torí ọmọ ò mọ ohun tí "dáadáa" jẹ́. Kọ ọ́ báyìí: "Bar 5 sí 6, ọwọ́ òsì nìkan, metronome 60, lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìṣì, Ajé sí Ẹtì." Ọmọ ọdún 6 kò nílò ju ìṣẹ́jú 10 lọ lójúmọ́, lọ́jọ́ márùn-ún. Ti ọdún 11, ìṣẹ́jú 20. Ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé, torí pé ìgbà tí ọmọ bá sùn lóru ni ohun tí ọwọ́ kọ́ lọ́sàn-án ń fìdí múlẹ̀.

#3 ÀǹtíKíbọ́ọ̀dù

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìjókòó kún un, torí inú àwọn ilé tí olùkọ́ ń lọ ni wàhálà yẹn wà.

Orí tábìlì oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ òbí ń gbé kíbọ́ọ̀dù lé. Tábìlì oúnjẹ ga tó nǹkan bíi 75 sẹ̀ǹtímítà, kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ á fi nǹkan bíi 10 kún un. Bọ́tìnnì dùùrù gidi kì í ga ju nǹkan bíi 72 sílẹ̀ lọ. Ọmọ á wá gbé èjìká sókè, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀ wọnú, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún á ní "ó ti sú mi". Èjìká ló ń dùn ún, òbí á rò pé ọ̀lẹ ni. Wo ìgúnpá rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú bọ́tìnnì, tàbí kó ga díẹ̀. Bí tábìlì kò bá ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, fi tìmùtìmù gbé ọmọ sókè. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wá ń fì, fi àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ kò lè fi ọwọ́ rírọ̀ tẹ dùùrù, torí ọwọ́ kan náà ló fi ń di ara rẹ̀ mú lórí àga. Ìdajì iwájú àga ni kó jókòó lé. Kí èékánná kúrú.

Fún ọmọ ọdún 6, ìṣẹ́jú 30 ni kí ẹ gbà, ẹ má gba 45. Ẹ pààrọ̀ iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún: jókòó tẹ̀, dìde pàtẹ́wọ́, kọrin, jókòó tẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, bọ́tìnnì dúdú ni kó mọ̀: èyí tó so ní méjì-méjì àti èyí tó so ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ní kó wá gbogbo "ìbejì" orí kíbọ́ọ̀dù láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bọ́tìnnì funfun tó wà lápá òsì ìbejì ni C. Tó bá ti mọ èyí, kò ní sọnù mọ́.

Ẹ má kọ A, B, C sára bọ́tìnnì o. Ojú ọmọ á lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìgbà tí ìwé bá dé kò ní lè gbójú sókè. Tó bá pọn dandan, ẹ lẹ ìwé pélébé kan mọ́ C àárín nìkan, kí ẹ yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Etí ńkọ́? Ọmọ Yorùbá ti ní ohun tí ọmọ míì ní láti lọ wá. Tẹ C, D, E, kí ẹ pè wọ́n ní dò, re, mí, bí a ṣe ń pe àmì ohùn. Wá tẹ ohùn méjì, kí ọmọ sọ ọ̀rọ̀ tí dùùrù wí: D-E ni igbá, D-D ni igba, C-C ni ìgbà, D-C ni igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ ló máa tẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa sọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ ní kó tẹ orúkọ ara rẹ̀ àti ti gbogbo ará ilé. Kò sí ohun tó ń mú ọmọ padà sídìí dùùrù bíi kó gbọ́ tí dùùrù ń pe màmá rẹ̀.

#4 OmeleAko

Àǹtí, eré igbá àti ìgbà yẹn dára púpọ̀. Ìkìlọ̀ kan ló kù. Ohùn ẹnu kì í dúró lórí C, D, E. Bí gbólóhùn bá ṣe ń gùn ni ohùn ń rọlẹ̀, mí tó wà ní ìparí gbólóhùn lè má ga tó mí ti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà kí eré náà mọ sórí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn oṣù kejì, ẹ ṣàlàyé fún ọmọ pé dò ti àmì ohùn túmọ̀ sí "ìsàlẹ̀", àmọ́ dò ti orin jẹ́ ilé tí orin ń padà sí. Tí ẹ kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ó máa dà á rú nígbà tí orin bá bọ́ sí kíì F tí dò sì di F.

Ohun kejì. Nínú ìdílé Àyàn, ọmọdé kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ìyáàlù. Gúdúgúdú tàbí omele ni wọ́n máa ń gbé fún un, ohun tí ó ń lù kò ṣòro, ṣùgbọ́n inú ìlù gidi ló wà láti ọjọ́ kìíní, àwọn àgbà yí i ká. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa tẹ dò àti sò nìkan ní ìsàlẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bíìtì 1 àti bíìtì 3, kí ẹ̀yin máa tẹ orin tó mọ̀ lókè. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa bíìtì mọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí. Ọmọ tó jẹ́ pé òun nìkan ló máa ń tẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ń sáré, torí kò sí ẹni tó ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn.

#5 Olùkọ́Tuntun

Bàbá, Àǹtí, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lo transpose ńkọ́? F# ló ń tẹ̀, bọ́tìnnì dúdú lọ́wọ́ rẹ̀ gbáralé. Mo ronú pé kí n ní kó pa á tì pátápátá.

#6 Kọ́yàMásítà

Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba owó tàbí ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tí o sọ ọ́ di ọmọ ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò ní padà wá lọ́sẹ̀ kẹta.

Kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ ohun tó ń pàdánù. Tó bá tẹ F#, tí transpose wà lórí -6 (ìdajì ohùn mẹ́fà sísàlẹ̀), C ló ń jáde. Afunfèrè trumpet bi í pé kíì wo ni, ó ní "F#". Afunfèrè á lọ síbi tí kò sí ẹnì kankan. Ká tiẹ̀ ní ó dáhùn pé C: trumpet oní-B♭ (tí C rẹ̀ ń dún bíi B♭ dùùrù) máa fi D bá C ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ, sax alto oní-E♭ máa fi A bá a lọ. Ẹni tí kò mọ ibi tí òun wà kò lè dá wọn lóhùn. Tí wọ́n bá sì gbé e dé iwájú dùùrù onígi, kò sí transpose níbẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò jìnnà, torí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ìbátan àwọn kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tí à ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà). Orúkọ ni kò mọ̀. Fi nọ́ńbà pè wọ́n. Ní F#, 1 ni F#, 4 ni B, 5 ni C#, 6 ni D# minor. Ní C, wọ́n di C, F, G, A minor. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kó fi wà lórí C nìkan. Ọwọ́ òsì, ohùn ìdí kọ́ọ̀dù nìkan. Ọwọ́ ọ̀tún, má jẹ́ kó máa fò: C-E-G pẹ̀lú ìka 1-3-5 (àtàǹpàkò ni 1, ọmọńdinrín ni 5), C-F-A pẹ̀lú 1-3-5, B-D-G pẹ̀lú 1-2-5. Wo bí àtàǹpàkò kò ṣe kúrò lórí C fún méjì àkọ́kọ́, tó kàn sún bọ́tìnnì kan péré fún ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ lojú rẹ̀ máa là, torí lórí F# fífò ló ti ń fò láti ọjọ́ yìí.

Lẹ́yìn C, F. Lẹ́yìn F, G. Lẹ́yìn náà B♭ àti E♭, torí àwọn orin ìsìn inú ìwé pọ̀ lórí méjèèjì. Orin kan náà tó mọ̀ jù ni kó máa gbé kiri, má fi orin tuntun kún kíì tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, nínú ẹ̀kọ́ nìkan ni ẹ ti máa pa transpose. Lọ́jọ́ Àìkú, ègbè kan péré, èyí tó rọrùn jù, ni kó tẹ̀ ní kíì gidi. Oṣù tó tẹ̀lé e, méjì.

#7 ÌyìnÀárọ̀

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ ká sọ transpose di ẹ̀ṣẹ̀. Nínú orin ìyìn, olórí orin lè gbé kíì sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdajì ìdajì, láti F lọ F# lọ G lọ A♭. Kódà ẹni tó mọ gbogbo kíì máa ń lo bọ́tìnnì yẹn.

#8 Kọ́yàMásítà

A ò takora. Ẹni tó mọ kíì tó wá lo transpose ti yan án. Ẹni tí kò mọ̀, transpose ló yàn án. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó ṣọ́ra fún: kó má tẹ transpose nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí kọ́ọ̀dù, torí lórí kíbọ́ọ̀dù míì kọ́ọ̀dù àtijọ́ á ṣì máa dún títí tó fi máa gbọ́wọ́ kúrò, àwọn akọrin á sì ti gbọ́ ìjà náà. Kó gbọ́wọ́ ní bíìtì 4, kó tẹ transpose, kó sọ̀ kalẹ̀ ní bíìtì 1.

Ó ku màmá inú kọ́yà. Àgbàlagbà kì í fẹ́ eré ọmọdé, ó fẹ́ orin kan tó pé. Fún un ní orin onílà mẹ́rin láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ohùn tí wọ́n ń pè ní Old Hundredth dára jù fún iṣẹ́ yìí: ìlà mẹ́rin, ohùn mẹ́jọ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sí sáré-sáré. Dò-rè-mí ló ti mọ̀ láti kọ́yà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní kíì G, ọwọ́ ọ̀tún, ohùn tírébù nìkan:

Ìlà 1: dò dò tí là sò dò rè mí. Ìka: 4 4 3 2 1 2 3 4.
Ìlà 2: mí mí mí rè dò fà mí rè. Ìka: 4 4 4 3 2 5 4 3.
Ìlà 3: dò rè mí rè dò là tí dò. Ìka: 2 3 4 3 2 1 2 3.
Ìlà 4: sò mí dò rè fà mí rè dò. Ìka: 5 3 1 2 4 3 2 1.

Ibi mẹ́ta ló máa ń bàjẹ́. Nínú ìlà 1, lẹ́yìn tí àtàǹpàkò bá tẹ sò ìsàlẹ̀ (D), ìka 2 ló gbọ́dọ̀ nà dé G. Bó bá fi ìka 4 tẹ̀ ẹ́, ìka á tán kó tó dé mí. Nínú ìlà 3, ìka 2 wà lórí G, àtàǹpàkò fo F# lọ sórí E. Lẹ́yìn náà ìka 2 tẹ F#, tí ọ̀pọ̀ máa ń tẹ F funfun nítorí wọn ò wo kíì. Láti ìlà 3 sí ìlà 4, ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣí gbogbo ara rẹ̀ lọ sókè láti G tí ìka 3 wà sí D tí ìka 5 máa tẹ̀. Oríkèé tí Bàbá ń sọ nìyẹn. Ó yẹ kó ṣe ohùn méjì yìí nìkan, dò sí sò, kó tó ṣe ìlà 4 fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2, tírébù. Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4, báàsì nìkan lọ́wọ́ òsì, kí màmá máa kọ tírébù lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ 5, tírébù àti báàsì pọ̀, ìlà kan lọ́jọ́ kan, ìlà 4 ni kó kọ́kọ́ ṣe kó tó lọ sí 3, kó lè jẹ́ pé ibi tó mọ̀ ló ń rìn lọ. Áátò àti tẹ́nọ̀ lè dúró di oṣù kẹta. Ẹ tètè sọ fún màmá pé ètò ìka òkè yìí wà fún ohùn kan ṣoṣo. Tí áátò bá wọ ọwọ́ ọ̀tún, ìka 3, 4 àti 5 ló máa gbé tírébù. Bí wọn ò bá sọ fún un, á rò pé wọ́n kọ́ òun lódì tẹ́lẹ̀. Tírébù àti báàsì nìkan, bó bá ti dúró, ó tó kọ́yà kọ orin lé lórí.

#9 Wáyà-àti-Iná

Ẹ jẹ́ n fi ti iná kún un, ó ti dá ẹ̀kọ́ púpọ̀ dúró.

Adápítọ̀ kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀kan 9V, òmíràn 12V, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó ki èyí tí wọ́n yá yín bọ ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù, ẹ wo nǹkan mẹ́ta tí wọ́n kọ sí i lára: fóltì gbọ́dọ̀ bára mu, amp adápítọ̀ lè ju ti kíbọ́ọ̀dù lọ, kò gbọ́dọ̀ dín, àmì róbótó tó ń fi hàn bóyá àárín jẹ́ + tàbí − gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Ẹ yọ wáyà nígbà tí wọ́n bá ń yí láti iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn ló ń jó wọn.

Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù kékeré ń lo bátìrì 6. Ẹ yẹ abẹ́ wò. Ẹ̀kọ́ ò ní dá dúró bí iná bá lọ.

Pẹ́dààlì tó ń ṣe òdì-kejì, tó ń fa ohùn gùn nígbà tí ẹ kò tẹ̀ ẹ́: ẹ pa kíbọ́ọ̀dù, ẹ ki pẹ́dààlì bọ̀ ọ́, kí ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ tó tàn án. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ń wo ipò pẹ́dààlì nígbà tí iná ń wọlé. Ẹni tó bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn nígbà tó ń tan ló dá òdì náà sílẹ̀.

#10 ÌyáỌlọ́mọ

Ẹ kú làálàá o. Òbí ni mí, mi ò mọ orin. Kí ló yẹ kí n ṣe nílé? Bí mo bá ní "lọ tẹ dùùrù", ìjà ni. Ìdánwò Grade 1 náà ńkọ́, ọdún kan ló yẹ kó gbà?

#11 BàbáDùùrù

Màmá, ẹ má sọ pé "lọ tẹ dùùrù". Ẹ ṣí ìwé iṣẹ́ ilé, kí ẹ ní, "Tẹ bar 5 sí 6 fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Ẹ̀yin kàn ń kà ni. Ẹ má bá a tún un ṣe. Àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ó so mọ́ ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀, bíi lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwé, kí ó má di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn tuntun lójoojúmọ́. Kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà ní títò sílẹ̀. Èyí tó wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ọmọ ò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Lórí ìdánwò, ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà hàn yín, Olùkọ́Tuntun náà kó gbọ́. Nínú Practical Grade ti ABRSM, máàkì 150 ni gbogbo rẹ̀. Orin mẹ́ta, ọgbọ̀n-ọgbọ̀n, 90. Síkéèlì àti àwọn ìbátan rẹ̀, 21. Kíka orin tí kò rí rí lójú ẹsẹ̀, 21. Ìdánwò etí, 18. Ìyege jẹ́ 100, merit 120, distinction 130. Nítorí náà 60 nínú 150 kò sí nínú orin mẹ́ta náà. Olùkọ́ tó lo ọdún kan lórí orin mẹ́ta ti mú ọmọ wá síbi ìdánwò pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tí wọ́n máa bi í.

Ó tún ba nǹkan tó jù ìdánwò lọ jẹ́: ọmọ á gba Grade 3, kò ní lè ka orin Grade 1 tí kò rí rí. Kí kíka lójú ẹsẹ̀ wà nínú gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, orin tó rọrùn ju ipò rẹ̀ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú ni wọ́n ń fún ọmọ láti wò ó kó tó tẹ̀. Kọ́ ọ bó ṣe máa lò ó: kíì, iye bíìtì, ohùn àkọ́kọ́ àti ìka tó máa tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ibi tó fò jìnnà jù. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dúró tún nǹkan kan ṣe.

Kíbọ́ọ̀dù onífúyẹ́ tí bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ 61 lè bẹ̀rẹ̀ ọmọ, kò lè múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò dùùrù, torí ìka tó mọ́ra bọ́tìnnì fífúyẹ́ kò ní lágbára lórí èyí tó wúwo. Ẹ wá dùùrù oníná tó ní bọ́tìnnì 88 tó wúwo, bó tiẹ̀ jẹ́ àlòkù, kí ìdánwò tó ku oṣù mẹ́fà. Kí ẹ sì rántí pé theory (ìmọ̀ orin lórí ìwé) Grade 5 ni wọ́n ń béèrè kí ọmọ tó lè ṣe Grade 6. Kò yẹ kí ẹ dúró de Grade 5 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé theory.

#12 ÀǹtíKíbọ́ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ owó. Ẹ má ka ìṣẹ́jú 45 nìkan. Bí lílọ bá gba ìṣẹ́jú 40, àbọ̀ 40, wákàtí méjì ó lé ni ẹ ń tà. Ẹ kó àwọn tó wà ládùúgbò kan sọ́jọ́ kan. Owó oṣù ni kẹ́ ẹ gbà, kì í ṣe owó ọjọ́, kí ó sì wọlé ṣáájú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹni tó ń san owó ọjọ́ máa ń fagi lé ẹ̀kọ́ torí òjò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní: bí wọ́n bá sọ ní wákàtí 24 ṣáájú, a máa san ẹ̀kọ́ kan padà lóṣù, bí ẹ̀yin lẹ kò bá wá, ẹ jẹ gbèsè ẹ̀kọ́ náà láìsí àlàyé, oṣù tó bá ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ti ẹ̀san.

Bí ojú bá ń tì yín láti sọ fún àgbà, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù tó wọlé, fún gbogbo wọn bákan náà: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Ẹ̀kọ́ oṣù tó ń bọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni. Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí owó oṣù wọlé kí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣeun mà." Kò sí àfojúdi níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Ẹ má fi ìròyìn ọmọ àti owó sínú ọ̀rọ̀ kan náà. Ìyá á rò pé ẹ̀ ń fi ọ̀kan ra èkejì.

Èyí tí mi ò ní gbọ̀jẹ̀gẹ́ lé lórí: pálọ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọmọ, ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, kí àgbàlagbà kan wà nílé. Bí kò bá sí àgbàlagbà, ẹ padà.

#13 Lọ́ńdọ̀nÌbàdàn

Fún àwọn tó ń kọ́ ọmọ wa lókè òkun lórí Zoom: ẹ ṣí "Original Sound" nínú ètò ohùn níhà méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Zoom á ka dùùrù sí ariwo, á máa gé e. Fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ojú rẹ̀ nìkan. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ga díẹ̀ ju ọwọ́ lọ, kí ẹ lè rí ọrùn ọwọ́ àti ìka. Ẹ ò lè jọ tẹ orin pọ̀, torí ohùn ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ tẹ báàsì, ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, kí ọmọ máa tẹ̀ ẹ́ bá a lọ níhà tirẹ̀.

#14 Olùkọ́Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ iṣẹ́ ilé ọ̀sẹ̀ kìíní fún màmá inú kọ́yà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

"Old Hundredth, ìlà 1 sí 4, ọwọ́ ọ̀tún. Ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́. Kí ẹ rọra."

#15 BàbáDùùrù

Àbúrò, ó ti pọ̀ jù, kò sì ṣe pàtó. Ìlà mẹ́rin lọ́sẹ̀ kìíní, àárẹ̀ ni. Ìgbà mẹ́wàá láìsọ pé láìṣì, á ka àwọn tó ṣì mọ́ ọn. "Rọra" kì í ṣe nọ́ńbà. Àwọn nọ́ńbà ìka dà? Kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú ìdánrawò mà. Ajé àti Ìṣẹ́gun: ìlà 1, ẹ fi ẹnu kọ ọ́ ní dò-rè-mí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ìka 4 4 3 2 1 2 3 4, metronome 50, lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìṣì. Ọjọ́rú: D sí G nìkan, ìka 1 sí 2, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ má wo ọwọ́. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì: ìlà 2, ìka 4 4 4 3 2 5 4 3, bákan náà. Sátidé: ìlà 1 wọ ìlà 2 láìdúró, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà lẹ́ẹ̀kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn yẹn ni wàá kọ́kọ́ wò tí o bá débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.